Àtẹ́wọ́ Ràṣídá Lẹ́yìn Kọ́tìnì

"Mọ́mì, ṣé nǹkan wà nínú fláàṣì yìí tẹ́ ẹ ṣì fẹ́? Mo fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀ o."

Ọmọ mi obìnrin ló béèrè bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àná. Ó fẹ́ fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà mi, tó ti rẹ̀ bíi tèmi. Ó béèrè tán, kò dúró gbọ́ èsì, ó ti tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan gidi nínú fláàṣì náà, ṣùgbọ́n ó rán mi létí ohun tí mo ṣe nígbà èwe mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà tí a ń retí èsì ìdánwò àṣejáde, àwọn òbí wa máa ń ní ká lọ kọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹsẹ̀ wa má baà máa rìn káàkiri. Lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí ni wọ́n fi mí sí, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sùúrùlérè. Bàtà ò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn, nítorí eruku. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ aṣọ tí wọ́n fi àǹkárá rán, àwa dúró láìwọ bàtà níwájú wọn bí ẹni tó wá kí ọba.

Dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ kí fláàṣì tó dé, ò pọ̀ nígbà náà. Inú agolo mílíìkì la ń kó wọn sí, pẹ́ńsùlù la sì fi ń kọ orúkọ sí wọn lára, kó lè ṣeé pa rẹ́ bí iṣẹ́ bá parí. Àmọ́ òógùn ọwọ́ náà a máa pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí Àǹtí Bísí fi ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ nu ohun tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì kúrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè, kó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ta ló ni ín?"

Ràṣídá ni ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìyá rẹ̀ ń ta léèsì ní Tejúoṣó. Oṣù mẹ́fà péré ni bàbá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un. Bí kò bá gba ìwé ẹ̀rí, ọjà ló ń lọ. Ìwé olójú ewé ogójì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ méje ni Ràṣídá fi ń bá iná mọ̀nàmọ́ná ṣeré bojúbojú kó tó tẹ tirẹ̀ tán. Ọjọ́ Ẹtì tí oṣù mẹ́fà náà máa pé ló fẹ́ fi sílẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Àǹtí Bísí gbé síídì kan tó ń dán dé. Ètò tuntun ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí láti ara síídì. Dísíkẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí i. Àǹtí ní kí n ṣe dísíkẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tó ti Ìlúpéjú tí wọ́n ń lọ dé. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ara mi ò balẹ̀. Mo mú èyí tí kò lórúkọ lára nínú agolo. Ràṣídá nìkan la jọ wà níbẹ̀, ó ń kírun alásárì lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo gbé dísíkẹ́ẹ̀tì sókè, mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ẹ̀fọn ló ń pa. Mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì pa rẹ́.

Bó ti sálámà, tí ìrun parí, ni Ràṣídá sáré jáde.

"Tèmi ló wà nínú agolo yẹn! Ṣó ò gbọ́ àtẹ́wọ́ ni? Èèyàn kì í sọ̀rọ̀ lórí ìrun, àtẹ́wọ́ lobìnrin fi ń pe èèyàn!"

Nígbà tí Àǹtí Bísí dé, wọ́n bi mí bóyá mo béèrè.

"Mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó dáhùn."

Ràṣídá wò mí, nítorí èmi nìkan ló lè jẹ́rìí pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ń dúró kí n sọ ìyókù. Ká ní mo sọ ọ́ ni, Àǹtí ìbá bá a bẹ bàbá rẹ̀ kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún ọjọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tèmi náà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù sì bà mí. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìdajì òótọ́ ni mo gbé lọ sọ́jà tèmi, ó sì tà wàràwàrà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà fi dísíkẹ́ẹ̀tì mi jí, ètò tuntun wọlé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ràṣídá ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún rí i, ní Tejúoṣó, ó ń wọn léèsì. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kọ́sítọ́mà, èwo lẹ fẹ́ nínú ẹ̀?" Ẹ̀yin ló ń pè mí, èmi tí a jọ ń jẹ gúgúrú nínú bébà kan náà. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni. Wọ́n ti wó ọjà yẹn, wọ́n ti kọ́ òmíràn, n ò mọ ibi tí Ràṣídá wà mọ́.

Dísíkẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a fi ọjọ́ kan gbáko ṣe, ìṣẹ́jú mélòó kan ló gba ọmọ mi. Àmọ́ títí dòní, bí mo bá béèrè nǹkan tí ilé sì dákẹ́, n kì í lè ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe lójú ẹsẹ̀. Màá dúró, màá tẹ́tí. Ọmọ mi rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. "Mọ́mì, kí lẹ tún ń dúró dè?" Mo máa ń sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti sọ pé àtẹ́wọ́ ni.