Bàbá Jẹ́-N-Wò àti Ilẹ̀kùn Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní ọsípítù náà léèrè nípa olóògbé Bàbá Jẹ́-N-Wò tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó lé ọ̀gá àgbà jáde nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ṣe é. Ìwé pé kí akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn máa lọ sílé wà lọ́wọ́ ọ̀gá, bírò wà lọ́wọ́ kejì. Akọ̀wé fara ti ògiri.

Ọjọ́ Ajé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fáìlì aláìsàn mẹ́jọ ṣàdédé dàrú, irú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bọ́ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó fura, wọn ì bá ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí ìyá arúgbó kan lára. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ní àṣẹ tó ga jù ló ṣe é. Ẹni méjì péré ló ní àṣẹ yẹn, ọ̀gá àti akọ̀wé. Ọ̀gá sì mọ̀ pé òun kọ́.

Ọkọ akọ̀wé ti kú, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ méjì. Gbogbo èèyàn ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n ní àwọn gbà á gbọ́. Bàbá nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀. "Jẹ́ n wò ó," ló sọ, ó fa àga, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo aago. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí, tí wọ́n ní ọkùnrin ni, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó ná. Ìyàwó bínú fún odidi oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń fa ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ wò kó tó lọ síbi iṣẹ́, títí ọwọ́ ilẹ̀kùn fi já sí i lọ́wọ́.

Ohun tó rí nìyí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibi ìgbàlejò ní ètò kékeré kan tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, díráfà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Agbára ọ̀gá ni díráfà yìí fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í bèèrè ẹni tó rán an. Ẹni tí kò láṣẹ kankan lè jókòó síbẹ̀, kó rán an níṣẹ́, á sì fi ọwọ́ ọ̀gá jẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Bàbá fi orúkọ obìnrin tó ń gbàlejò wọ kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí díráfà gba àṣẹ ọ̀gá fún obìnrin náà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún un tẹ̀, òógùn bò ó. Ọ̀gá tẹ́ ìwé sórí tábìlì, akọ̀wé dijú. Àṣé Bàbá fúnra rẹ̀ ló ti yọ okùn iná ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọlé dáadáa.

Ó fi okùn náà padà, ó tún un tẹ̀, ó ní kí ọ̀gá wá wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n.

"Ta ló wá ni àṣẹ náà báyìí?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Obìnrin tó ń gbàlejò ni, sà. Láti bí ìṣẹ́jú méjì."

Bàbá wá rọra ṣàlàyé pé fíláàṣì tí kòkòrò kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ ló gba ọ̀nà yẹn wọlé tó da fáìlì rú, àti pé ọ̀gá ló ti fíláàṣì náà bọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nígbà tó fẹ́ tẹ káàdì ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá fa ìwé náà ya, ó bẹ akọ̀wé níwájú gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi díráfà tuntun ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Bàbá fi dán an wò.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Akọ̀wé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì máa ń parí ìtàn náà. Ó ní òun lọ kí Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, pé ó ṣeun tó gba òun gbọ́.

"Mi ò gbà ẹ́ gbọ́," ni Bàbá wí. "Ká ní mo gbà ẹ́ gbọ́ ni, ǹ bá ti lọ sílé lọ jẹun bíi tàwọn yòókù."

Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà á rẹ́rìn-ín títí, á wá nu ojú, á ní láti ìgbà yẹn òun ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.