Dúrọ́ọ̀ Kejì

Láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé, kò sí káfíńtà tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ń wọlé jẹ́ẹ́ bíi tèmi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í béèrè sátífíkéètì. Ìdí nìyẹn tí ìyá kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ọ̀yẹ́ fi ránṣẹ́ pè mí. Ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ewú ti gba orí wọn. Wọ́n fẹ́ àpótí onídúrọ́ọ̀ tí wọn yóò máa kó òkúta sí.

Wọ́n ṣí páálí kan tó ti òkè òkun wá. Òkúta pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, àmì nǹkan tín-ín-rín sì wà lára wọn, àfi bí ẹni fi pẹ́ńsù yà á. Kò ní ewé, kò ní òdòdó. Ó kàn yà sí méjì bí oríta.

"Ewéko tó ti di òkúta ni, ọ̀gá káfíńtà. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ hù sórí ilẹ̀, kí ẹyẹ kankan tó fò láyé. Ìran rẹ̀ ti parẹ́."

Téèpù tí mo fi ń wọn igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ewéko tí kò ní ewé! Kí ló wá fi ń jẹun? Mo yí òkúta náà síwá, mo yí i sẹ́yìn, kí n tó rántí iṣẹ́ tí mo bá wá.

"Dúrọ́ọ̀ mélòó, Mà?"

"Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló máa ní dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Orí àwọn kan yíká bí ìlẹ̀kẹ̀, tàwọn kan là bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo. Bó bá jẹ́ oríṣi méjì ni, ọ̀kan nínú wọn kò tíì lórúkọ. Ẹni tó bá yà á sọ́tọ̀ ló máa sọ ọ́ lórúkọ."

"Orúkọ tó bá wù ú?"

"Kódà, orúkọ ọ̀gá káfíńtà."

Ha! Orúkọ mi, lára ewéko tó ṣáájú ẹyẹ dé ayé! "Méjì ni, Mà! Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èmi tí mo ń fọwọ́ lásán mọ ìrókò yàtọ̀ sí àfàrà! Dúrọ́ọ̀ méjì ni n ó kàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Níbo lẹ ń sùn sí?"

"Ulé mi ni."

"Èmi, ilé ni mò ń sùn sí. Ṣé ulé yàtọ̀ sí ilé?"

Inú bí mi díẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ fẹ́ fi ẹnu wa ṣe yẹ̀yẹ́! "Ọ̀kan náà ni! Ẹnu ìlú ló yàtọ̀. Ará Òrìn àti ará Ifísìn tó múlé ti ara wọn gan-an, ọ̀rọ̀ wọn kì í dọ́gba tán. Ẹni tó bá pe ulé àti ilé ní méjì, òmùgọ̀ ni."

Wọ́n kàn ti òkúta kan sí mi pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Lára igi kan ṣoṣo, apá kan oríta náà yíká, apá kejì là sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Èyí tó yíká kò tíì gbó ni. Bó bá gbó tán, á là bí èso àràbà."

Mo wò ó títí. "Àbí ìbejì ni wọ́n, Mà?"

"Ìbejì, lórí igi kan? Ọ̀gá, ẹnu yín lẹ fi pe ẹni tó bá pe ọ̀kan ní méjì ní òmùgọ̀."

Dúrọ́ọ̀ kan ni mo kàn. Jẹ́ẹ́ ló ń wọlé. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e lọ fún wọn, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì fi ẹnu ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ mi gàdàgbà sí ìdí rẹ̀.