Ọwọ́ Mi Wà Nínú Òrí

Wọ́n ní agbéraga ni mí. Ó tó ẹni mẹ́ta tó sọ ọ́ sí mi létí ní ọdún tí mò ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi n'Íbàdàn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mi ò kúnlẹ̀ kí olórí ẹ̀ka wa. Mo kí wọn o. Ẹnu mi kí wọn, mo tẹrí ba, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò kanlẹ̀. Mi ò sì tọrọ àforíjì títí di òní.

Òrí ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, òrí tí ìyá mi máa ń gbà láti Ṣakí, tí wọ́n ń tà ní Bódìjà. Bí èèyàn bá yọ́ òrí, tó wá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, apá kan á di wóró, apá kejì á ṣì máa ṣàn bí òróró. Àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ń wá wóró yẹn, òróró náà sì dára fún ìpara. Iṣẹ́ tèmi ni láti ya àwọn méjèèjì láìfi kẹ́míkà kankan sí i: kí n sẹ́ ẹ, kí òróró jáde kó mọ́, kí wóró kù sórí aṣọ asẹ́. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bákan náà, láti ìgbà tó ti gbóná títí tó fi dì. Bí o bá dúró, wóró á lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, á sì di òróró mú sínú. Bí o bá kánjú, wóró á fọ́ kúnná, á sì dí aṣọ asẹ́ pa.

Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa bá mi yí i, iná ló ń lò, iná sì ń lọ nígbà tó bá wù ú. Iná sólà tí wọ́n gbé wá sí ilé ẹ̀ka wa, ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka ló mọ, kò dé láàbù. Ni mo bá lọ bá wẹ́dà kan l'Ágbowó, ó fi ọwọ́ ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́ kan ṣe èyí tí mo lè máa fọwọ́ yí. Ìyípo ogún ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Mo máa ń kà á sínú bí ẹni ń gbàdúrà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí olórí ẹ̀ka bá mi lẹ́nu rẹ̀, mo ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ìkíni wọn kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè ìjọ wa, wọ́n ní kí n múra sí iṣẹ́. Nígbà tí mo fi máa dìde, òrí ti ń dì mọ́ ara ìkòkò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i kíákíá láti fi dí àkókò tó lọ, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ tán. Ẹ̀kán kan ò gba inú aṣọ asẹ́ kọjá. Odidi ọjọ́ kan ṣòfò sórí ẹ káàárọ̀, inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò lè jẹun.

Nígbà kejì, mi ò gbéra. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi wà nínú òrí." Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo orúnkún mi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀, wọ́n bá jáde.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí n tó lè wá gbèjà ìwádìí mi níwájú àwọn olùdánwò wà lórí tábìlì wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Kò jáde mọ́. Akọ̀wé wọn ló sọ fún mi pé wọ́n ní kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ná kí n tó wá gba oyè. Ẹ̀kọ́ ilé! Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ yẹn bú, ó sì dùn mí wọra. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà nínú ìwádìí náà ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, pé orúnkún lásán ni. Gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ìyá mi á sọ bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán, wọ́n wá béèrè pé nígbà tí bàbá náà wọlé, ta ló kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ní Ṣakí, bí wọ́n bá ń po òrí, kò sí àgbàlagbà tó máa kọjá kó dúró de ìkúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ìta kí wọn kú iṣẹ́, tí yóò sì máa lọ. "Má lọ bẹ ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí. "Ìwọ kọ́ lo ṣi ìkíni kí."

Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí olórí ẹ̀ka. Mi ò fi ẹ̀bẹ̀ kankan sí i. Mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ohun tí ìkúnlẹ̀ ń ṣe fún òrí. Bóyá ìbínú ló gbé wọn wá, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dé ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo kí wọn lórí ìdúró. Wọ́n béèrè bóyá mi ò ní orúnkún ni.

Mo ní, "Mo ní in, sà. Ẹ bá mi máa yí i bí mo ṣe ń yí i yìí, màá sì kúnlẹ̀ dáadáa."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n gbà á, bóyá kí wọ́n lè dójú tì mí. Wọ́n ń sáré jù. Mo ní kí wọ́n rọra, mo sì ń kà á fún wọn, ọkàn mi wà nínú ìkòkò débi pé mo gbàgbé láti kúnlẹ̀. Àárín ìyẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Olórí gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ pátá ni, bàbá arúgbó tó kọ́ olórí ẹ̀ka wa níwèé. Mo ti rí olórí ẹ̀ka wa níwájú wọn rí, tí ọwọ́ wọn kan ilẹ̀. Mo rí i tí èjìká olórí ẹ̀ka wa ń lọ sílẹ̀, bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn, sà."

Ọwọ́ wọn ò kúrò. Wọ́n gbójú sókè sí ọ̀gá wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi wà nínú òrí."

Bàbá arúgbó náà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Olórí ẹ̀ka wa ń yí i lọ. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, mo gbà á padà, àmọ́ wọn ò lọ. Wọ́n jókòó tì mí títí òrí fi dì, tí mo dà á sórí aṣọ asẹ́, tí òróró bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó mọ́ gaara. Àṣé wọ́n ti mú fọ́ọ̀mù mi dání wá; wọ́n yọ ọ́ láti inú àpò, wọ́n fọwọ́ sí i lórí tábìlì láàbù. Àtàǹpàkò wọn fi àmì òróró sílẹ̀ lára rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Wọ́n wá ní, "O ò tíì kúnlẹ̀ o."

Òótọ́ ni, mo ti ṣèlérí. Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ilẹ̀ ni ìgò tí òróró ń kán sí wà, lábẹ́ asẹ́, òun ni mo sì kọjú sí, kí n lè wo ibi tó kún dé.