Ọ̀rọ̀ Tó Gba Àárín Píìnì Jáde

Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Lagos Town, ní Accra. Òórùn kẹ́nkè tí obìnrin Gá kan ń sè lẹ́yìn ilé wa, tó fi háhá àgbàdo wé, á dà pọ̀ mọ́ ọn, èmi á sì ti mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ kí n tó lajú. Tí mo bá jáde síta, màmá mi á ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ irin ìsàlẹ̀, píìnì mẹ́rin tàbí márùn-ún á sì wà láàárín ètè rẹ̀.

Píìnì wọ̀nyẹn ló kó mi sí wàhálà. Màmá kì í yọ wọ́n tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àárín wọn ló ń gbà sọ ọ́, gbogbo ohùn á sì dọ́gba, kò ní í sí òkè, kò ní í sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀. Ó rán mi lọ mú agbọ̀n wá lọ́jọ́ kan, àgbọn ni mo lọ rà bọ̀ lójú títì. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá nìkan kọ́ là ń sọ nínú ilé wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá ti wá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ṣùgbọ́n Twi ló ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ, ó ń bá oníkẹ́nkè sọ Gá, ó ń bá alápatà sọ Haúsá, ó sì lè fi èyí bẹ̀rẹ̀ kó fi tọ̀hún parí. Èmi a kàn máa fọgbọ́n gbé e. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé e re, lọ́pọ̀ ìgbà mi ò gbé e re.

Ní ilé ìwé, Aláta ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí màmá mi kò ta ata rí láyé rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa pè é, ó ní ṣebí orúkọ kì í fa aṣọ ya. Èmi náà ò jọ ẹni tó ń bínú. Mo mọ ènìyàn sín jẹ ju kí n mọ ìṣirò lọ. Mo lè sín oníkẹ́nkè, mo lè sín ọ̀gá ilé ìwé wa tó ń rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Madam Esi, olùkọ́ tó ń bá wa ṣe eré ìparí táàmù, rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é. Ó ní èmi ni màá ṣe Maame Aláta nínú eré tuntun náà: obìnrin oníṣòwò tó ń pariwo, tó ń ṣi Twi sọ, tí gbogbo ọjà ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo fẹ́ ipa náà bí ebi ṣe ń fẹ́ oúnjẹ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, nítorí mo mọ ẹni tí wọ́n ní kí n sín.

Mo sáré délé lọ bi Màmá. Bí mo ṣe yọ, ó na gáùn ìyàwó kan sí mi, funfun báláú, èyí tí wọ́n fẹ́ wá gbà lọ́jọ́ kejì. Mo gbé e sọ́wọ́ méjèèjì, mo sì ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmí: Madam Esi, Maame Aláta, ṣé kí n ṣe é? Ẹ̀rọ ń ké. Màmá wò mí, ó fi ẹnu tó kún fún píìnì sọ nǹkan, ìparí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

“Kọ.”

Ó tún dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní èdè Twi, ẹni tó bá ní “kọ” ní kí o máa lọ ni. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo ju gáùn sórí bẹ́ǹṣì, mo sì sáré padà lọ sọ fún Madam Esi pé màmá mi ti ní kí n lọ ṣe é.

Lọ́jọ́ eré, mo ró ìró Màmá tó ti gbó, mo wé gèlè rẹ̀, mo sì fi píìnì mẹ́rin sáàárín ètè mi. Mo rìn bó ṣe ń rìn, tí ejìká òsì rẹ̀ máa ń ṣáájú. Mo sọ Twi bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Nǹkan kan ò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo orí, kò sí píìnì lẹ́nu rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ó ra kelewele, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, fún mi bí a ṣe ń lọ sílé, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní ilẹ̀ tutù, kí n ṣọ́ra fún bàtà mi. Ojú ọ̀nà yẹn ló ti sọ sí mi lọ́kàn pé bóyá Twi kọ́ ni Màmá sọ. Bóyá Yorùbá ni, bóyá “kọ̀” ló ní kí n kọ̀. A jẹ́ pé mo ti ṣàìgbọràn, mo sì ti dójú ti ìyá mi níwájú gbogbo àdúgbò. Mo di ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà padà sínú ìwé rẹ̀. Mi ò lè bi í, nítorí ẹ̀rù ohun tó máa fi dáhùn ń bà mí.

Iṣẹ́ eré ni mo wá fi jẹun. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe é lórí ìtàgé, nínú fíìmù àti lórí tẹlifíṣọ̀n, ibi tí wọ́n bá sì ti ń wá Maame Aláta, èmi ni wọ́n máa pè. Tí mo bá wọ ọkọ̀ èrò tí à ń pè ní tìrótìró lọ sí Adabraka, àwọn èrò á ní kí n sọ Twi yẹn fún àwọn. Mo máa ń sọ ọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, inú mi ò sì ní í dùn títí màá fi bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olùdarí eré kan tún na Maame Aláta mìíràn sí mi. Mo la ẹnu láti gbà, bí mo ṣe gbọ́ ara mi nìyẹn tí mo ń sọ pé mi ò ṣe.

Mo padà sílé mi ní Alajo, ọkàn mi dàrú. Ọ̀rọ̀ Màmá tún yí padà sí mi nínú: “kọ” kan ṣì wà, èyí tí à ń fi gègé ṣe. Bóyá ó ní kí n kọ eré tèmi. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Màmá kò mọ̀wé, kí ló máa fi rán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án níṣẹ́ irú ìyẹn? Síbẹ̀ mo dì í mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo ti kọ eré mẹ́rin báyìí. Tí àwọn oníròyìn bá bi mí, mo máa ń sọ pé ìyá mi ló ní kí n kọ̀wé. Mo ti sọ ọ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ìkarùn-ún tí à ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ dá lé aránṣọ kan. Lóṣù tó kọjá, mo gbé aṣọ tí a máa wọ̀ nínú eré náà lọ fún Màmá ní Lagos Town pé kó bá mi ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Eyín rẹ̀ ò pé mọ́, ara tìmùtìmù kékeré ló ń gún píìnì mọ́ báyìí. Mo jókòó tì í, mo sì béèrè níkẹyìn: ọjọ́ yẹn tí mo gbé gáùn funfun dání, kí lẹ sọ?

Kò rántí ìbéèrè mi. Gáùn ló rántí.

“Ìwọ lo ju gáùn ọmọ ọlọ́mọ sórí bẹ́ǹṣì tó fi wọ́lẹ̀,” ló wí. “‘Gbé e kọ́’ ni mo ní. O sá lọ. Èmi ni mo tún gbogbo etí rẹ̀ fọ̀.”

Ó ní ẹ̀rọ ń ké lọ́jọ́ náà, òun kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo rò. Ẹnu oníkẹ́nkè ló ti gbọ́ pé a ń ṣeré. Kò rán mi lọ, kò ní kí n kọ̀, kò sì ní kí n kọ ìwé kankan. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo ní, “Ṣùgbọ́n ẹ ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, Màmá.”

“Ó dùn mí,” ló wí, kò wojú mi. “Èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, ọmọ mi ló sì ń bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìrìn mi tí o rìn yẹn, Ràbí, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ń wò mí tó bẹ́ẹ̀.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi. Ó fẹ́ lọ, ó sì gbọ́ pé kó lọ. Èmi àgbàlagbà fẹ́ kọ̀wé, mo sì gbọ́ pé kí n kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé mo gbọ́n jù ú lọ. Kò dá mi lójú mọ́.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe sọ̀rọ̀ tán, Màmá já òwú, ó na aṣọ náà sí mi. Kò sí píìnì lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ohùn sì wà ní ipò rẹ̀.

“Gbé e kọ́.”

Mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bóyá etí rẹ̀ kan ilẹ̀.