Ọ̀sán tí A Na Júdásì

Bí aládùúgbò mi bá ti ń fi igi lu tìmùtìmù kí eruku rẹ̀ lè jáde, ara mi kì í balẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì Rere kan ní Ìdànrè ni mo máa ń rántí. Àwa ọmọdé ki ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sínú ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bàbá mi, a pè é ní Júdásì, a sì ń fi pàṣán nà án. “Àwọn Júù ló pa Jésù!” là ń pariwo, àpáta sì ń dá a padà fún wa.

Mo sáré bá ìyá àgbà mi, tí kò tíì bọ́ sùtánà funfun rẹ̀.

“Màmá, ará ibo ni Jésù fúnra rẹ̀?”

“Júù ni. Ìyá tó bí i náà, Júù ni.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé irú ariwo wa yẹn ti mú kí wọ́n pa àwọn Júù ẹlẹ́ran ara nílẹ̀ òyìnbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo padà sídìí Júdásì wa. Mo gbé pàṣán sókè, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ nà mọ́.