Iṣu Kẹrin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkìrun, èmi ni mo máa ń bu oúnjẹ alẹ́ fún àwọn àbúrò mi. Abọ́ tánganran mẹ́rin la ní, kálukú ló sì mọ tirẹ̀. Bí mo bá ń bu ẹ̀wà, ojú wọn kì í kúrò lára ṣíbí mi, kí n má baà bu tèmi pọ̀ jù. Mo sì ń bu tèmi pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí, ẹ ò ní bá mi jiyàn.

Ṣeun ló kéré jù nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́rin. Abọ́ tirẹ̀ ni etí rẹ̀ ti bó. Aránṣọ ni màmá mi, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni Ṣeun sì máa ń jókòó sí, tí á máa ṣa àjákù aṣọ, á ní òun ń rán agbádá fún àkùkọ wa. Bí a bá ń ṣeré bojúbojú, abẹ́ ẹ̀rọ yẹn náà ló máa ń sá pamọ́ sí lójoojúmọ́. Àwa náà á ṣe bí ẹni tí kò rí i, a óò máa wá a kiri títí ẹ̀rín á fi tú u láṣìírí.

Ibà mú un lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó kú. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kò ṣeé ṣe.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Àwọn àgbà ọkùnrin gbé e lọ, wọn ò jẹ́ kí màmá mi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n ní kí màmá mi má sunkún jù, kí ẹkún má baà dí ọ̀nà ọmọ mìíràn tí Ọlọ́run á fún wọn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni wọ́n, àwọn tí wọ́n ń kọrin àjíǹde lọ́jọọjọ́ Àìkú.

Ìyá tó bí màmá mi wá láti Inísà láti bá wa gbé fúngbà díẹ̀. Ìyá Inísà là ń pè wọ́n. Wọ́n mọ àkàrà dín, ọwọ́ wọn sì le. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kí n bu àsáró, mo to abọ́ mẹ́rin sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì ti bu ìkẹrin kún kí n tó rántí. Ìyá Inísà fà mí létí títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, kí n na ọwọ́ sókè, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ rán ìyá mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Bíi pé màmá mi gbàgbé! Màmá mi jáde, wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n sì padà sínú yàrá. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ Ṣeun kò sí lórí pẹpẹ ilé ìdáná mọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìkórè àwọn ọmọdé dé. Ní ìjọ wa, ìyá kọ̀ọ̀kan máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, iṣu kan fún ọmọ kan, á sì dárúkọ ọmọ náà kó tó gbé iṣu rẹ̀ kalẹ̀ láti fi dúpẹ́. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, màmá mi gbé iṣu mẹ́rin fún mi pé kí n fọ erùpẹ̀ ara wọn. Mo fọ mẹ́ta, mo sì dúró. Wọ́n ní, “Fọ ìyẹn náà.” Mo fọ̀ ọ́ mọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè wá síwájú. Màmá mi dárúkọ mi, Fúnkẹ́, wọ́n gbé iṣu kan kalẹ̀. Wọ́n dárúkọ Táyọ̀ àti Bùnmi. Wọ́n wá gbé ìkẹrin, wọ́n ní, “Olúwaṣeun.” Ìyá Ìjọ, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀, ó gbé iṣu náà, ó fẹ́ dá a padà sọ́wọ́ màmá mi. Ó rọra sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, ìdúpẹ́ ni à ń ṣe, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ò gba iṣu náà.

Wọ́n ní, “Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Ṣeun wà lọ́dọ̀ Jésù. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lórí ẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí, kí n kó àwọn mẹ́ta yìí máa lọ sílé.”

Àlùfáà dìde lórí àga wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lanu, ìyá arúgbó kan ti ń bọ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ará Ìgbàyè ni, tó ń bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Ìkìrun, gbogbo wa ló sì rò pé ọmọ kan ṣoṣo yẹn ló bí láyé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, ó dárúkọ ọmọ méjì tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ rí. Ó ní òun ò gbé iṣu wọn wá, òun á gbé e wá lọ́la. Ìyá Ìjọ wo àwọn méjèèjì títí. Ó wá gbé iṣu Ṣeun kalẹ̀ sáàárín àwọn yòókù, ó sì fi etí ìborùn nu ojú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo to abọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ìyá Inísà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dìde, wọ́n tú àpò aṣọ wọn, wọ́n fa abọ́ kan tí etí rẹ̀ ti bó yọ, wọ́n sì gbé e síwájú mi. Wọ́n ní kí n bu oúnjẹ sí i fún màmá mi. Abọ́ yẹn ni màmá mi fi ń jẹun títí di òní, mo sì ń bínú sí ẹni tó bá fẹ́ fún wọn ní tuntun.

Òkukù ni mò ń gbé báyìí, mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, mo bí ọmọbìnrin kan tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láyé. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kíni kú ìrọ́jú báyìí, tí wọ́n á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ló ṣì wà nínú rẹ̀: ọmọdé ṣì ni ẹ́, Ọlọ́run á fún ẹ ní òmíràn, gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Mi ò gbé e kúrò. Inú ń bí mi, ó ń dùn mí, mo sì gbà gbọ́ pé màá rí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbé inú mi pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lé ọ̀kan jáde.

Nígbà ìkórè wa, màmá mi wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun wá sí Òkukù, iṣu kan lórí ẹsẹ̀ wọn, fífọ̀ mọ́ tónítóní. Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ àti iye ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wo àwọn ọmọ mi méjì tó di aṣọ mi mú, ó kọ méjì sínú ìwé rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Pa ìyẹn rẹ́, ọmọ mi. Mẹ́ta ni wọ́n. Méjì ló bá mi wá.”