Ríìmù Tí Daddy Rà Kí Mummy Tó Ṣe Road Test

Òórùn rọ́bà ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Kì í ṣe ti rọ́bà tó ń jóná o. Òórùn táyà tuntun ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí páálí bàtà, àfi pé bàtà ọ̀hún tó ti òmìrán. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá mi, ó pàdé òórùn dòdò tí Mummy ń dín, àwọn méjèèjì sì ń du imú mi mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé pálọ̀, mo bá ríìmù mẹ́rin tó ń dán gbinrin lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti wọ táyà, wọ́n yí tábìlì àárín ká bí àlejò tó ń retí oúnjẹ. Daddy jókòó sáàárín wọn, ó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ kan nù wọ́n.

Mummy yọjú láti kíṣìnnì. "Daddy Bọ́dé, ẹ kú oríire. Ibo wá ni kí n gbálẹ̀ dé báyìí?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ilé kékeré kan la ń gbé ní Marlborough, ní ìlú Calgary ní Canada, níbi tí mo ti lè gbọ́ train tó bá fẹ́ dúró ní stéṣọ̀n láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní northeast Calgary láyé ọjọ́un á rántí pé àwa ọmọ Yorùbá ò tíì pọ̀ báyìí. Tí àwọn òbí wa bá rí ẹnì kan ní mall tó wé gèlè, a ó dúró kí i títí yìnyín inú ẹja tí a rà á fi yọ́. Nínú irú àwùjọ kékeré bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ ẹnì kejì. Aláwọ̀ ewé tó ti ń ṣá ni tiwa. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n, nítorí pé gbogbo ìjọ ló ti bá wa tì í nínú snow rí.

Snow yẹn ló sì bí ọ̀rọ̀ ríìmù. Ìbàdàn ni Daddy ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, níbi tí ọkọ̀ tó bá ga ti máa ń la àgbàrá kọjá nígbà tí èyí tó kúrú bá ń mu omi. Ó wá ṣírò rẹ̀ pé ríìmù wa àtijọ́ jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlá, tuntun jẹ́ mẹ́tàdínlógún, nítorí náà ọkọ̀ wa yóò fi ínṣì mẹ́ta ga ju snow lọ. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tó fi jẹ́ oṣù karùn-ún ló ra oògùn snow. "Mo ti rò ó," ni ìdáhùn rẹ̀, bó ṣe jẹ́ ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo nǹkan. "Mo ti rò ó" ló gbé wa wá sí Calgary dípò Toronto. Òun náà ló ra fìrísà ńlá tí kò gba ẹnu ọ̀nà basement kọjá, tó fi wà ní pálọ̀ tí a ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé e.

Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún yẹn kan náà ni Mummy ń kọ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ni Mummy kí a tó kúrò nílé. Nígbà tí a dé ibí, ọ́fíìsì ló ń tún ṣe, bọ́ọ̀sì méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wá gbà á síṣẹ́. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò ti tún fọwọ́ kan aláìsàn láti ọdún mẹ́ta. Àmọ́ ilé náà jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dé. Wọ́n ní kó mú license wá kí oṣù kẹfà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn nìkan ló sì ní láti fi ṣe road test, ìdánwò ọkọ̀ wíwà.

Bọ̀dá Wálé ló bá Daddy so àwọn ríìmù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó háyà basement wa, ẹ̀rín kì í sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ti wọ bàtà tó jù ú lọ o."

"Ìwọ lo mọ̀," ni Daddy wí. "Mo ti rò ó."

Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Pastor bá wa dé ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwé tí ìjọ wa ń lò. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí: èèyàn ò kàn ń ra nǹkan tuntun kó máa lò ó. Wọ́n gbọ́dọ̀ bá a dúpẹ́. Pastor da òróró sórí ríìmù kọ̀ọ̀kan, ó gbàdúrà pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí yóò gbé wa dé ibi tí ẹsẹ̀ tiwa ò tíì dé. A ṣe àmín. Òróró náà ṣàn dé ara táyà, Bọ̀dá Wálé sì bẹ̀rẹ̀ sí mi létí. "Èyí tó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún ń da òróró sí." Mo bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa pa mí. Daddy dúró gangan, ó ń ṣàlàyé ínṣì mẹ́ta fún gbogbo ẹni tó bá ní etí.

Bí a ṣe ń jáde níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Daddy yí sitiárìn dópin láti bọ́ sí títì, ohùn kan sì jáde lábẹ́ ọkọ̀, hùn-ùn-ùn, bí àgbàlagbà tí wọ́n ní kó dìde lórí àga tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mummy wo Daddy. Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìwàásù ọjọ́ náà fún wa, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Irú ọmọ tí mo jẹ́ ni pé bí nǹkan bá ń dún, mi ò ní lè jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ Monday, tí mo ti ilé ìwé dé, mo yọ téèpù nínú àpótí ìránṣọ Mummy, mo sì lọ sí basement, níbi tí àwọn táyà àtijọ́ ti fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bọ̀dá Wálé. Mo wọn ọ̀kan láti ilẹ̀ dé òkè. Mo sáré jáde, mo wọn tuntun lára ọkọ̀. Mo padà, mo tún wọn ti àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, torí mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Gíga wọn ò fi nǹkan kan ju ara wọn lọ, àfi bí orí ìka. Irin ló tóbi sí i. Rọ́bà ti tín-ín-rín láti fi àyè gbà á, bíi màngòrò tí kóró rẹ̀ pọ̀ tí ẹran rẹ̀ kéré. Ibi tí táyà tuntun ti ju ti àtijọ́ lọ ni ìbú. Ó fi ìka méjì yọ síta, ó sì fi díẹ̀ yọ sínú náà. Snow ń dúró dè wá níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò sún ínṣì kan.

Lọ́jọ́ kejì, Mummy fẹ́ dánra wò níwájú ilé. Mo dùbúlẹ̀ sórí kọ́ńkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo tẹ́ orí sílẹ̀.

"Mummy, ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún. Ẹ tún yí i. Ẹ dúró."

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Táyà náà ń fi ara ra inú mọ́gáàdì. Mo wọlé sínú ọkọ̀, mo fi sẹlotéèpù pupa sí ara sitiárìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níbi tí ohùn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Tí ẹ ò bá yí i kọjá ibí, kò ní dún."

Mummy wo àwọn àmì náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹnjiníà."

"Ṣé kí n sọ fún Daddy?"

"Sọ kí ni fún wọn? Lẹ́yìn tí Pastor ti da òróró sí i tán? Ó yá, lọ fọwọ́, kí o wá jẹun."

Èmi náà ò sì fẹ́ sọ ọ́. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe fẹ́ dúró níwájú bàbá rẹ̀ kó ní ibi tí wọ́n rò ó sí kọ́ nìyẹn? Mo fi téèpù pamọ́ padà.

Ọjọ́ road test, Daddy wà ní ṣíìfù níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí, Bọ̀dá Wálé ló bá Mummy lọ. Nígbà tí wọn yóò fi dé, Daddy ti dé, èmi náà ti dé, a jọ dúró níwájú ilé. Bọ̀dá Wálé ló ń wa ọkọ̀ bọ̀. Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà, ó pẹ́ kí n tó dárí ẹ̀ ji bàbá mi. Kó tó wo ojú Mummy, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ríìmù ẹ̀yìn, èyí tó bó yánnayànna ní etí. Ó fi ìka lé ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbójú sókè.

"Ṣé o yege?"

"Rárá," ni Mummy wí, ó sì kọjá wọlé.

Orí àga kíṣìnnì ló ti sọ ọ́ fún mi, tòun ti kóòtù lọ́rùn. Wọ́n ní kó páàkì sáàárín ọkọ̀ méjì létí títì. Ó yí sitiárìn dé ibi àmì pupa, ó dúró. Ìdí ọkọ̀ yọ síta. Ó jáde, ó tún un ṣe, ó tún dúró síbi àmì pupa. Ní ìgbà kẹta, táyà ẹ̀yìn gun etí títì, obìnrin tó ń dán an wò sì kọ nǹkan sínú ìwé.

"Kí ló dé tí ẹ ò yí i kọjá ibẹ̀, Mummy?"

"Mi ò fẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ pé ọkọ̀ ọkọ mi ń sunkún."

Ẹ̀yin ará mi, mo wọ inú ilé ìwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Àmì mi ni. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fa ìlà tí ìyá mi ò fẹ́ kọjá, nítorí pé mi ò lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan fún bàbá mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù parí.

Nígbà tí mo jáde, mo gbọ́ ìró irin níta. Oòrùn ò tíì wọ̀. Daddy àti Bọ̀dá Wálé ti gbé àwọn táyà àtijọ́ jáde láti basement, Daddy sì ń tú nọ́ọ̀tì. Ó parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá wọ ọkọ̀, ó rí sẹlotéèpù pupa náà, ó ṣí méjèèjì kúrò, ó ká wọn sínú àpò. Kò béèrè ẹni tó lẹ̀ ẹ́.

Ní Sunday, wọ́n bi í nínú ìjọ. "Bàbá Bọ́dé, ríìmù ńkọ́?"

"A fi wọ́n pamọ́. Àwọn òyìnbó ibí máa ń ní oríṣi méjì, ti winter lọ́tọ̀, ti summer lọ́tọ̀. Ti summer nìyẹn."

Òógùn ń da lójú ẹni tó béèrè, torí oòrùn ọjọ́ náà mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níwájú Daddy. Bọ̀dá Wálé lọ rẹ́rìn-ín tirẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé.

Mummy tún road test náà ṣe nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó wọlé, ó gbé ìwé kan sórí fìrísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó rí iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ṣe é títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn ríìmù ńkọ́? Oṣù kan ò pé tí àwọn ará ìjọ fi ní, "Bàbá Bọ́dé, summer ti dé o," Daddy sì ní láti gbé wọn padà síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta la fi bá wọn gbé, bíi mọ̀lẹ́bí tó wá kí wa tó wá ń sùn ní pálọ̀. Gbogbo kòtò tí snow fi sílẹ̀ lójú títì ni eyín wa ń kà. Ọ̀kan tẹ̀ nínú kòtò ní àdúgbò Rundle. Gbogbo wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbà mẹ́ta yí kọ́nà kan, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu.

Èmi náà ti lé ní ogójì báyìí. Àdúgbò Savanna, ní Calgary yìí náà, ni mò ń gbé. Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó ti fóònù, mo wo àwòrán ríìmù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì ra ogún ínṣì sí jíìpù mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Dúdú ni wọ́n, wọ́n rẹwà. Mi ò wọn nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta, Tọ́lá ọmọ mi, ẹni ọdún mọ́kànlá, sọ̀rọ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Dad, your front tire is rubbing. The left one."

"Táyà wo? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"You heard it. You made a face."

Ní alẹ́ Sunday yẹn, mo pe Daddy lórí fóònù, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí: téèpù, sẹlotéèpù, gbogbo rẹ̀. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀rù ló bà mí láti sọ.

Daddy ní, "Bọ́dé, èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ ṣáájú mi?"

"Kí ló dé tí ẹ ò yọ wọ́n nígbà náà?"

"Pẹ̀lú òróró Pastor lórí? Mò ń retí kí ẹnì kan nínú yín bi mí ni. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá sọ pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ẹ, ǹ bá sì yọ wọ́n."

Mo gbọ́ ohùn Mummy lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi rò pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń wọn táyà dé ìdajì ínṣì, ó jù mí lọ níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ohun tí kò lè mọ̀ ni bó ṣe máa ń rí nínú bàbá nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá sọ àṣìṣe rẹ̀ sí i lójú. Èmi mọ̀ ọ́n báyìí. Nígbà tí Tọ́lá sọ ọ́ nínú ọkọ̀, kí inú tó bí mi, ara ti kọ́kọ́ tù mí.